Aṣọ Tí A Kò Tọrọ

Ayàwòrán òyìnbó náà gbé kámẹ́rà sójú, ó wo àwọn ọmọ tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé-ìwé, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Ó mi orí. Ó sọ nǹkan kan sí ọkùnrin tó mú un wá létí, ọkùnrin náà sì mi orí tirẹ̀, àfi bí ẹni pé àwọn méjèèjì wọ ọjà tí wọn kò rí ohun tí wọ́n fẹ́ rà.

Ọmọ ilẹ̀ wa ni ọkùnrin kejì yìí. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gba àwọn ẹ̀bùn tí orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ń fi ránṣẹ́ sí wa láti ìgbà tí a ti gba òmìnira ló ti wá. Bó ti wù kí oòrùn mú tó, táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Táì.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé sáré bọ́ síwájú, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Táì ní àwọn ọmọ yìí ti mọ́ jù. Ó ní ta ni yóò jókòó sí òkè òkun tí yóò fi aṣọ ránṣẹ́ sí ọmọ tí aṣọ rẹ̀ gún régé bíi ti ṣọ́jà? Àwòrán tí yóò mú àwọn ènìyàn sunkún ni àwọn ń wá, ilé-ìwé wá lọ to àwọn ọmọ tó ń dán. Ṣé kò sí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya ni?

Ọ̀gá àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí kò fi sí. Obìnrin kan wà ní ìlú náà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Aránṣọ. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn ló ń rán aṣọ gbogbo ọmọ ilé-ìwé náà nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì. Tí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ, yóò gbé téèpù kọ́rùn, yóò wá sí ọgbà ilé-ìwé, yóò sì wọn àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń wọ̀n wọ́n ni yóò máa bú wọn. Yóò ní ta ló ní kí eléyìí tún ga, ṣé ó fẹ́ fi orí kan òrùlé ni? Yóò ní èjìká tọ̀hún fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, aṣọ ẹni méjì ló ń wọ̀. Ó máa ń ká etí aṣọ sínú dáadáa kó tó rán an, tí ọmọ bá ti ga sí i, wọn a tú etí náà, aṣọ a sì gùn tẹ̀lé ọmọ. Èyí tó bá ya, ọ̀fẹ́ ló máa ń lẹ̀ ẹ́. Ó ní tí òun bá rí ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ìwé yíya lójú títì, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n kọ orúkọ òun sẹ́yìn ọmọ náà.

Ọ̀gá Táì kò mọ èyí, kò sì béèrè. Ó ní kí wọ́n bá òun wá sísọ́ọ̀sì.

Ó wá kọjú sí àwọn ọmọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo fẹ́ ẹnìkan tó gbọ́n. Ẹni tó bá ràn wá lọ́wọ́ lónìí, orúkọ rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ fi sílẹ̀ fún sikọ́láṣíìpù. Òkè òkun ni mò ń sọ o, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé."

Gbogbo ojú yí sí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì tó kẹ́yìn. Ọmọ Aránṣọ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé Ìyá Aránṣọ ló bí i. Ó gbọ́ èdè àwọn òyìnbó náà ju àwọn olùkọ́ kan pàápàá lọ, ìṣirò kì í sì í rú u lójú. Ó fẹ́ di ẹnjiníà. Afárá ló fẹ́ máa kọ́, àwọn afárá ńlá tí ọkọ̀ méjì lè pàdé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì sí ní orílẹ̀-èdè wa nígbà náà, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ kò sì lè rán an dé òkè òkun.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọbìnrin tínínrín kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, fi ìgúnpá gún un níhà. Ó ní kó lọ, ó ní aṣọ lásán ni, kì í ṣe awọ ara. Ó ní tí kò bá lọ, òun á lọ.

Ọmọ Aránṣọ bọ́ síwájú.

Ọ̀gá Táì gé apá aṣọ rẹ̀ kan. Ó gé etí ìsàlẹ̀, ó fà á, ó ya dé itan. Ó bu erùpẹ̀, ó fi ra á láyà. Ó ní kó bọ́ bàtà. Ayàwòrán náà ní kó má rẹ́rìn-ín, kó ronú ohun kan tó bà á nínú jẹ́. Ní tòótọ́, kò ní láti ronú jìnnà. Kámẹ́rà dún léraléra, inú òyìnbó náà dùn, ó fọwọ́ pa orí ọmọbìnrin náà, ó sì fún un ní súìtì kan. Súìtì o. Fún ọmọbìnrin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ilé-ìwé, bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìṣó ara fẹ́ǹsì ló fà á ya. Ìyá rẹ̀ na aṣọ náà sórí tábìlì, ó fi ìka tọ ojú ibi tó ti ya.

"Ìṣó yìí mọ iṣẹ́ o," ó ní. "Ó gé e tààrà. Tí o bá tún rí i, sọ fún un pé mo ń wá ọmọṣẹ́."

Ọmọ Aránṣọ rẹ́rìn-ín tí kò dé inú. Ìyá rẹ̀ kò béèrè mìíràn. Ó wá òwú tó bá a mu, ó lẹ aṣọ náà, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó sì gbé e kọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá kú síbẹ̀ ká ní àwòrán máa ń kú. Lẹ́yìn ìsinmi kékeré, àṣẹ kan wá láti ilé-iṣẹ́ ìjọba: kí ẹnikẹ́ni má ṣe rán aṣọ ilé-ìwé tuntun mọ́. Ọkọ̀ ojú omi kan ń gbé yunifọ́ọ̀mù bọ̀ láti òkè òkun, ọ̀fẹ́ ni, fún gbogbo ọmọ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ta ni kò fẹ́ ọ̀fẹ́? Ní ọjọ́ yẹn kan náà, Ìyá Aránṣọ àti àwọn obìnrin rẹ̀ ti gé aṣọ ọdún tuntun tán. Wọ́n ti tò ó sórí tábìlì, apá lọ́tọ̀, ọrùn lọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ ga dé àyà ènìyàn. Wọ́n fi aṣọ bo àwọn ẹ̀rọ wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Bọ́tìnì nínú wọn, nítorí pé iṣẹ́ bọ́tìnì ni tirẹ̀, lọ ń gbá ilẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ìyá Aránṣọ kò lọ ibì kankan. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo títì.

Ibẹ̀ ló wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi wá lẹ pósítà ńlá kan mọ́ ògiri òdìkejì. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ káàkiri ìlú ńlá, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ní òkè òkun, wọ́n wá ń lẹ̀ ẹ́ fún wa kí a lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàánú wa tó. Ọmọbìnrin kan ló wà lórí rẹ̀, láìwọ bàtà, erùpẹ̀ láyà, aṣọ rẹ̀ ya dé itan.

Nígbà tí Ọmọ Aránṣọ ti ilé-ìwé dé, ìyá rẹ̀ ti kọjá lọ dúró síwájú ògiri náà.

"Èmi kò mọ̀wé," ìyá rẹ̀ ní. "Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Kà á sí mi létí."

Ó kà á ní èdè òyìnbó. Ìyá rẹ̀ ní òun kò gbọ́ ìyẹn, kó sọ ọ́ ní èdè tí òun fi tọ́ ọ dàgbà. Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀.

"Wọ́n ní... 'Àkísà ló ń wọ̀ lọ sí ilé-ìwé. Kò sí ẹni tí yóò rán aṣọ fún un. Ṣàánú rẹ̀.'"

Ìyá Aránṣọ kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó ní, "Kò sí ẹni tí yóò rán aṣọ fún un," ó tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ tó ti bàjẹ́ wò. "Èmi tí mo jókòó níbí yìí ńkọ́? Òkú ni mí? Àbí wọ́n ti gé ọwọ́ mi ni mi ò mọ̀?"

Ọmọ náà sọ gbogbo rẹ̀ fún un: sísọ́ọ̀sì, erùpẹ̀, sikọ́láṣíìpù. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ dópin. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe ìṣó. Ó ní òun rò pé ìjà ọmọdé ni, òun sì fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹnu ìlú kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ń rán aṣọ ìgbéyàwó lọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba aṣọ wọn padà. Ẹnìkan ní tí ọmọ aránṣọ fúnra rẹ̀ bá ń rìn ní àkísà, kí ni tí àwọn oníbàárà yóò jọ? Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn ọmọdé tó ń kọjá a máa nàka sí pósítà, wọn a tún nàka sí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ tí obìnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́, orúkọ tó fi abẹ́rẹ́ rán pọ̀ díẹ̀díẹ̀, bébà kan ló wá fà á ya.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní tọrọ àforíjì. Ẹ wò ó bó ṣe rí. Àwọn òyìnbó wá sórí ilẹ̀ wa, wọ́n kó òwú wa lọ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n fi hun aṣọ, wọ́n sì tún tà á fún wa padà. A gba òmìnira, a gbé àsíá tuntun sókè, a sunkún ayọ̀. Wọ́n bá ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Ká tó yíjú, wọ́n ti gba ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́, àwọn ọmọ wa tó wọ táì ló sì ń di ilẹ̀kùn mú fún wọn. N kò ní ẹ̀bùn kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn wo ló ń kọ́kọ́ bọ́ ọ síhòòhò kó tó wọ aṣọ fún ọ?

Àpótí aṣọ náà dé. Ọkọ̀ akẹ́rù gbé wọn wá sí ilé-ìwé, àwọn ọmọ tú wọn ní gbọ̀ngán. Aṣọ náà nípọn bíi búláńkẹ́ẹ̀tì, ti ìlú òtútù, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò ti làágùn tán kí olùkọ́ tó pe orúkọ. Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Kò sí èyí tó wọ ẹnikẹ́ni.

Ìdí rèé. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń ṣe ìjọba, ilé-ìwé girama bíi tiwa yìí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Òmìnira ló ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tó sì ṣí i, àwọn tó ti ń ro oko, àwọn tó ti ń ru ẹrù, gbogbo wọn ló wọlé láti bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì kìn-ín-ní. Ọkùnrin kan wà nínú wọn tó ti ní ìyàwó àti ọmọ. Baba Kíláàsì ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ wọn kéré sí i lọ́jọ́ orí, kò lè nà án, ṣe ló máa ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe iṣẹ́ àmúrelé yín." Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òyìnbó béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá Táì pé báwo ni àwọn ọmọ náà ṣe tóbi tó, kò dìde nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kàn sọ fún wọn pé gbogbo wọn kò ju bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ṣe máa ń rí ní ìlú tiwọn lọ. Ọmọ kékeré ni.

Baba Kíláàsì ki apá kan bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì. Ó há. Àwọn méjì ló fà á kó tó jáde, gbogbo gbọ̀ngán sì ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀ fún ọmọ òun.

Ọ̀gá Táì kò rẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò láti òkè òkun ń bọ̀ wá ṣe ayẹyẹ ìfilélẹ̀, ìyá ńlá tó jẹ́ olórí wọn ń bọ̀ pẹ̀lú, àwọn oníròyìn náà ń bọ̀. Ó ronú, ó sì rí ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n lọ yá àwọn ọmọ kékeré láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí, kí wọ́n wọ aṣọ náà fún wọn, kí wọ́n to wọ́n síwájú. Kí àwọn àgbà wà lẹ́yìn, kí wọ́n tẹ̀ ba díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe Ọmọ Aránṣọ, ó fún un ní ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní èdè òyìnbó, ó ní kó há a sórí. Ó ní sikọ́láṣíìpù náà ti dájú, ọjọ́ ayẹyẹ yẹn gan-an ni ìyá ńlá náà yóò kéde rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà kà á. Ó kún fún bí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ṣe ń rìn ní ìhòòhò kí àwọn olùrànlọ́wọ́ tó dé, tí àwọn ìyá wa kò mọ ìdí abẹ́rẹ́. Ó bẹ Ọ̀gá Táì pé kó jẹ́ kí òun yọ ibi tó kan àwọn ìyá kúrò. Ọ̀gá Táì ní ibẹ̀ gan-an ló dùn.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kó má ya wèrè. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu kì í pa ẹnìkan, kó kà á, kó lọ kàwé, kó padà wá kọ́ ilé alájà púpọ̀ fún ìyá rẹ̀, inú ìyá rẹ̀ á yọ́. Ohun tí Ọmọ Aránṣọ náà ti ń sọ fún ara rẹ̀ láti àárọ̀ nìyẹn.

Ó gbé bébà ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ náà lọ fún ìyá rẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ìyá rẹ̀ ń fi epo sí ẹ̀rọ tí kò ní iṣẹ́ tí yóò ṣe.

"Èmi ò ní sọ ohun tí wàá sọ," ìyá rẹ̀ ní. "Ọjọ́ àkọ́kọ́, o ò bi mí. Ti òní náà, ìwọ lo ni ín. Ṣùgbọ́n màá wà níbẹ̀. Tí o bá fẹ́ pè mí ní ẹni tí kò mọ ìdí abẹ́rẹ́, ojú mi ni wàá ti pè mí."

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Wọ́n na àtíbàbà sí ọgbà ilé-ìwé, àsíá méjì ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀, tiwọn tóbi ju tiwa lọ. Àwọn àlejò jókòó sábẹ́ ìbòòji. Àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n yá dúró síwájú nínú oòrùn, nínú aṣọ òtútù, òógùn ń ṣàn ní ìwájú orí wọn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gan-an wà lẹ́yìn, Baba Kíláàsì tẹ̀ ba bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Àwọn obìnrin ìlú wà lẹ́yìn ọgbà, Ìyá Aránṣọ àti Àǹtí Bọ́tìnì wà láàárín wọn, nítorí pé wọn kò pe àwọn òbí wọlé. Pósítà ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Ọmọ Aránṣọ yóò dúró sí, kí àwọn oníròyìn lè ya ojú méjèèjì pọ̀: ti àná àti ti òní.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó kí ìyá ńlá náà, ó kí mínísítà, Ọ̀gá Táì ń mi orí. Ó dé ibi tó kan àwọn ìyá. Ó gbé ojú sókè, ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà. Ìyá rẹ̀ kò sunkún, kò ṣe ojú burúkú. Ó kàn dúró, ó ń dúró de ohun tí wọn yóò sọ nípa òun.

Ọmọ Aránṣọ ká bébà náà.

Ó sọ ọ́ ní èdè wọn, kí wọ́n má baà sọ pé ẹlòmíràn túmọ̀ rẹ̀ lódì. Ó ní òun ni ọmọ inú pósítà yìí. Ó ní aṣọ òun kò ya ní ọjọ́ yẹn, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé e, òun sì gbà kí wọ́n gé e nítorí pé òun fẹ́ lọ sí òkè òkun. Ó ní irọ́ ni, òun wà nínú rẹ̀, òun sì jáde nínú rẹ̀ lónìí. Ó mú ọmọ kékeré kan lọ́wọ́, ó bi í níwájú gbogbo ènìyàn pé ilé-ìwé wo ló ń lọ. Ọmọ náà kò mọ irọ́ pa, ó nàka sí òdìkejì títì. Ó wá pe Baba Kíláàsì pé kó nàró. Baba Kíláàsì nàró, ó sì ga ju Ọ̀gá Táì lọ. Ọmọ Aránṣọ ní, "Ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní nìyí. Ẹ wá wọ ẹ̀bùn yín fún un ká wò ó."

Ẹ̀rín bẹ́ láti ẹ̀yìn ọgbà. Ọ̀gá Táì ti dìde, ọrùn rẹ̀ wú nínú táì. Ọmọbìnrin náà yí padà sí àwọn obìnrin, ó sì sọ èyí ní èdè wa:

"Àwọn ìyá wa ló ń rán aṣọ wa. Kò sí ìgbà kan tí a rìn ní ìhòòhò. Ìyá mi ló rán èyí tí mo wọ̀ yìí, òun náà ló sì lẹ ibi tí ẹ gé."

Ojú ìyá ńlá láti òkè òkun náà ti pọ́n. Ó béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún àwọn. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó ní àwọn fi ọkàn rere wá.

"Ẹ kò bi wá, mà," Ọmọ Aránṣọ ní.

Wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Táì nàka sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì bọ́ síwájú, ó ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi abẹ́rẹ́. Kò wo ẹ̀yìn ọgbà. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí ń retí kí n sọ pé ìyá ńlá náà dì mọ́ Ọmọ Aránṣọ, pé ó fún un ní sikọ́láṣíìpù nítorí òtítọ́. Rárá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní kí Ọmọ Aránṣọ jókòó sílé títí ìdánwò yóò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó tàbùkù àlejò. Wọ́n kó àwọn àpótí aṣọ náà padà sínú ọkọ̀, wọ́n gbé wọn lọ sí ìlú mìíràn, n kò sì mọ àwọn ọmọ tí wọ́n yá níbẹ̀. Ọ̀gá Táì gba ìgbéga. Baba ọmọ kan wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó bú Ìyá Aránṣọ pé ọmọ rẹ̀ ti gbọn ọ̀fẹ́ dànù mọ́ àwọn lọ́wọ́, ó ní ta ni òtítọ́ bọ́ yó rí?

Ìyá Aránṣọ jẹ́ kó bú u tán. Lẹ́yìn náà ó bi í bí ọmọ rẹ̀ ṣe ga tó báyìí. Ọkùnrin náà kò mọ ìgbà tó dáhùn. Ó ní ó ti dé èjìká òun. Ìyá Aránṣọ ní kó mú un wá lọ́la.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí gbogbo ọmọ wọ aṣọ tuntun ti ń bọ̀, àpótí sì ti lọ. Baba Kíláàsì ló kọ́kọ́ wá, ó gbé ọmọ rẹ̀ dání, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òun ṣe ẹlẹ́yà mọ́. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin ṣí aṣọ lórí àwọn ẹ̀rọ wọn. Àǹtí Bọ́tìnì ju ìgbálẹ̀ ibùdókọ̀ sílẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́, ó ń ṣàwàdà pé ọwọ́ òun ti gbàgbé bọ́tìnì, pé ìdọ̀tí ló ń wá kiri. Ọmọ Aránṣọ tí wọ́n lé sílé ń lọ aṣọ, ó ń ká etí, ó sì ń ka ìwé ìdánwò rẹ̀ láàárín méjèèjì. Ìyá rẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó kàn sọ fún un ní ọjọ́ kan pé ó lọ aṣọ náà dáadáa.

Ṣùgbọ́n pósítà náà ṣì wà lára ògiri òdìkejì. Ọmọbìnrin náà lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní kò sí ní agbára àwọn. Wọ́n ní ní òkè òkun, kò sí àwòrán tó tíì mú àwọn ènìyàn ṣàánú tó ti ojú rẹ̀ yẹn, àwọn ọ̀gá kò ní gbà kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí títì kún fọ́fọ́, Ìyá Aránṣọ pọn korobá omi kan. Ó mú ọ̀bẹ tí kò mú mọ́. Òun àti ọmọ rẹ̀ kọjá sí òdìkejì, wọ́n da omi sí ògiri, ọmọbìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Ó họ ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà. Ó họ erùpẹ̀ àyà. Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Ọlọ́pàá kan ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀, ó béèrè ẹni tó fún wọn láṣẹ láti ba nǹkan ìjọba jẹ́.

Ìyá Aránṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú tó kù lára ògiri yìí dáadáa. Kí ẹ wá wo ojú ẹni tó ń họ ọ́. Ojú ta ni?"

Ọlọ́pàá náà wo ògiri. Ó wo ọmọbìnrin náà. Ó tún wo ògiri.

"Ojú rẹ̀ ni," ó ní.

"Ẹ ṣeun. Ojú rẹ̀ ló wá gbà."

Ọlọ́pàá náà tún fìlà rẹ̀ dé, ó sì ní kí àwọn ènìyàn má ṣe dí títì. Ọmọ Aránṣọ họ ojú náà títí ògiri fi mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, wọn yóò wá bá ẹ̀yin náà lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́ kan àti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ní tòótọ́, yóò kọ́kọ́ bi yín ohun tí ẹ nílò, yóò sì dúró gbọ́ èsì. Èyí tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ parọ́ mọ́ ìyá yín kí ẹ tó gbà á, ẹ dá a padà fún un ní gbangba, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ sókè ketekete, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú.